Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kópíráìtì èké yọ ìròyìn yín kúrò: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe

Àbúrò mi kan tó ní ìkànnì ìròyìn kékeré l'Abẹ́òkúta ló pè mí ní ìdájí ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ímeèlì kan ló bá nínú fóònù rẹ̀ nígbà tó jí. Ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ̀ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹnìkan ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ṣe ló jí ìròyìn kan kọ, ìyẹn èyí tó kọ nípa ojú ọ̀nà tí wọ́n gbowó rẹ̀ tán tí wọn ò ṣe. Kó yọ ọ́ kúrò kí wákàtí 24 tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìkànnì náà ni wọ́n máa tì.

Mo tẹ líǹkì tí wọ́n pè ní ojúlówó. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo bá níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, títí kan àṣìkọ tó ṣe nínú ìpínrọ̀ kẹta. Déètì orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti àbúrò mi. Ìgbà tí mo dé ìpínrọ̀ karùn-ún ni mo mí kanlẹ̀. Àgbàrá tó gbé afárá ọ̀nà náà lọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ọ̀hún ò tíì rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n láwọn gbé ìròyìn náà jáde.

Àbúrò mi ti yọ ọ́ kó tó pè mí. Ẹ̀rù ló bà á, mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn gan-an ni ọjà tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń tà. Ohun tí mo kọ́ nínú ìjà ọ̀hún ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹni tó bá tún kàn má baà sá nídìí ìjà tó lè borí.

Ibi tí agbára wọn ti ń wá

Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998, tí gbogbo ayé mọ̀ sí DMCA, ni wọ́n ń lò. Abala 512 rẹ̀ sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń gba nǹkan oníbàárà sórí sáfà ò ní jẹ nínú gbèsè olè tí oníbàárà náà bá jà, bó bá sáà ti yára yọ ohun tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Bó bá yọ ọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ó lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù. Kò sì sí adájọ́ kankan tó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn náà wò. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí nǹkan ṣe ń rí gan-an nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló jàre, títí ẹnì kejì á fi la ẹnu. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kejì, àmọ́ kò ní wá a wá sílé.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Abẹ́òkúta nínú òfin Amẹ́ríkà. Google, YouTube, Facebook àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting (àwọn tó ń gba ìkànnì sórí sáfà) tí à ń sanwó fún, Amẹ́ríkà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Òfin ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí kọ̀wé.

Àwọn tó ń ṣi òfin yìí lò ò rí bákan náà, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí tó dojú kọ yín. Àwọn kan kì í ṣe èèyàn rárá. Àwọn tó ni fíìmù àti orin máa ń háyà ilé-iṣẹ́ tó ní sọ́fítíwià tí ń wá orúkọ iṣẹ́ wọn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, tí á sì máa da ẹ̀sùn síta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìsí ojú èèyàn tó wò ó. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó jí fíìmù yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù. Lọ́dún 2016, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí Warner Bros. gbà ní kí Google yọ ojú ewé Warner Bros. fúnra rẹ̀ kúrò. Ní August 2012 tí ọkọ̀ Curiosity gúnlẹ̀ sórí Mars, fídíò NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ni ọkọ̀ náà, ni YouTube yọ, nítorí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan sọ pé òun ló ni ín. Àwọn olùwádìí kan tí Yunifásítì Berkeley ṣáájú wọn tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2016. Wọ́n mú àpẹẹrẹ láti inú ẹ̀sùn tó lé ní mílíọ̀nù 108 tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, wọ́n sì rí i pé nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ní ohun tó mú iyèméjì dání.

Àṣìṣe ni tàwọn yẹn. Àwọn kejì mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwọn olówó àti olóṣèlú tí orúkọ wọn ti bàjẹ́ ń sanwó fún àwọn tó ń pe ara wọn ní atúnrukọṣe, àwọn ìyẹn á sì da ìròyìn yín kọ sórí búlọ́ọ̀gù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n á fi déètì àtijọ́ sí i, wọ́n á wá fẹjọ́ yín sùn pé ẹ̀yin lẹ jalè. Lọ́dún 2022, àwọn tó ń bójú tó Lumen, àkójọ ẹ̀sùn tó wà ní Yunifásítì Harvard, ṣàfihàn ẹ̀sùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34,000 tó gba ọ̀nà yìí wọlé. Ní February 2023, àwọn oníròyìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tú àṣírí ilé-iṣẹ́ kan ní Spain tó ń jẹ́ Eliminalia, tó sọ èyí di iṣẹ́ òòjọ́. Maka Angola, ìkànnì tó ń tú ìwà ìbàjẹ́ fó ní Angola, wà lára àwọn tí wọ́n gbógun tì.

Àwọn kẹta ni oníṣòwò tó fẹ́ ti ìsọ̀ ẹnì kejì. Ní November 2023, Google gbé àwọn kan lọ sí kóòtù ní California. Ó ní wọ́n ṣí àkáǹtì tó tó 65, wọ́n sì fi fẹjọ́ ojú ewé tó lé ní 117,000 sùn.

Kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan

Ẹ má yọ ohunkóhun, ẹ má sì fi ìbínú dáhùn. Ohun tó jẹ wá níyà jù nìyí. Nígbà tí àbúrò mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìròyìn náà, ilé-iṣẹ́ sáfà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé kò sí ohun táwọn fẹ́ dá padà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti tún fáìlì náà ṣí.

Ẹ wo ẹni tí ìwé náà ti wá. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn yín ló kọ ọ́ sí yín tààrà, ìhàlẹ̀ lásán lè ni, ẹ ní àyè láti ronú. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ sáfà yín ló fi ránṣẹ́, aago ti ń lọ. Àwọn oníjìbìtì a tún máa kọ irú lẹ́tà yìí, kẹ́ ẹ lè tẹ líǹkì tó máa jí password yín, nítorí náà ẹ gba ojú àkáǹtì yín wọlé lọ wò ó, ẹ má gba inú ímeèlì.

Ẹ̀kẹta ni Google Search, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù láìmọ̀. Bí Google bá yọ ojú ewé yín nínú èsì àwárí rẹ̀, ìròyìn yín ṣì wà lórí ìkànnì yín. Ẹ lè ṣí i lówùúrọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá orúkọ olóṣèlú ọ̀hún ò ní rí i mọ́. Inú Search Console, ibi tí Google ti ń bá àwọn tó ni ìkànnì sọ̀rọ̀, ni Google máa ń fi ìwé náà sí. Bẹ́ ẹ ò bá tíì forúkọ ìkànnì yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ ṣe é lónìí, ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ̀dà ẹ̀sùn náà lódindi, torí àkópọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́. Òfin sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ìbuwọ́lù, iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹ jí, ibi tí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ wà gan-an, ọ̀nà láti kàn sí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn, ọ̀rọ̀ pé tọkàntọkàn ló fi gbà pé ẹ ò ní àṣẹ, àti ọ̀rọ̀ pé òótọ́ lòun sọ, pẹ̀lú ìbúra pé òun ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ oníṣẹ́. Ó ń dùn mí pé ìbúra yẹn ò bo gbogbo lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ nìkan ló bò, òun ni ọ̀pọ̀ irọ́ ṣe ń rọrùn láti pa. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá sọnù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó ṣe pàtàkì nígbà tẹ́ ẹ bá ń fèsì.

Ẹ bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀

Ṣé iṣẹ́ yín ni lóòótọ́? Fọ́tò orí ìròyìn náà ńkọ́, ibo lẹ ti mú un? Mo mọ ìkànnì tó kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láti A dé Y, àmọ́ tó jẹ́ pé orí Google ló ti fa fọ́tò yọ. Bí fọ́tò nìkan bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ yọ fọ́tò, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ sáfà pé ẹ ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gbèjà ọ̀rọ̀ yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ mú gbólóhùn mélòó kan tàbí fídíò kékeré láti fi ṣàlàyé tàbí láti fi ṣe lámèyítọ́, òfin lè wà lẹ́yìn yín. Fair use ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, ohun mẹ́rin ni kóòtù sì máa ń wò: ohun tẹ́ ẹ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó ba ọjà oníṣẹ́ jẹ́. Òfin kópíráìtì ti Nàìjíríà, ní abala 20, fi ìròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́, lámèyítọ́ àti ẹ̀fẹ̀ sára ohun tó lè jẹ́ lílò tó tọ́.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí wọ́n tó pa á rẹ́

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ lọ sí web.archive.org/save, kẹ́ ẹ fi líǹkì búlọ́ọ̀gù èké náà síbẹ̀, kí Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì sí, gba ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Búlọ́ọ̀gù wọ̀nyí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá ti ṣiṣẹ́, wọ́n á pa á rẹ́, ẹ ò sì ní rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́ka sí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí lookup.icann.org, kẹ́ ẹ fi orúkọ ìkànnì wọn síbẹ̀. Á sọ ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ náà fún yín. Bí wọ́n bá ra á ní June, tí ìròyìn orí rẹ̀ sì ní déètì April, ẹ̀rí yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ má gbàgbé pé èyí ò ní ràn yín lọ́wọ́ bó bá jẹ́ orí Blogspot tàbí irú ẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, torí Google ló ni orúkọ yẹn, ti pẹ́.

Ẹ padà sí ojú ewé náà, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú U lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí kóòdù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "uploads". WordPress, sọ́fítíwià tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń gbé ìròyìn jáde, máa ń to fọ́tò sínú fódà ọdún àti oṣù tí wọ́n gbé e wọlé. Déètì ìta ìròyìn rọrùn láti yí, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí fódà fọ́tò. Ẹ tún wo nọ́ńbà ìròyìn, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn "?p=". Nọ́ńbà yìí máa ń ga sí i bí wọ́n ṣe ń kọ. Bí ìròyìn tí wọ́n láwọn kọ ní April bá ní nọ́ńbà tó ga ju ti June lọ, irọ́ ti já. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé líǹkì méjì nínú ìròyìn tí wọ́n jí ṣì ń tọ́ka sí ìròyìn mìíì lórí ìkànnì àbúrò mi. Wọ́n dà á kọ láìkà á.

Kẹ́ ẹ sì ka ìròyìn náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ṣé ó mẹ́nu kan nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀? Òjò wa nìyẹn.

Ní tiyín, ẹ kó ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá tó wà nínú WordPress jáde, pẹ̀lú fọ́tò tí kámẹ́rà fi déètì sí, ọ̀rọ̀ WhatsApp tẹ́ ẹ bá ẹni tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pín in sórí Facebook. Àwọn orúkọ tó lè kó ẹni tó fún yín ní ìròyìn sí wàhálà, ẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ilé-iṣẹ́ sáfà

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó má ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ sọ pé ẹ ti rí ìwé wọn, pé ẹ ta ko ẹ̀sùn náà, ẹ sì fẹ́ fi counter notice (ìwé tí òfin ní kẹ́ ẹ fi ta ko ẹ̀sùn) ránṣẹ́, kí wọ́n má ti ìkànnì pa. Ẹ to ẹ̀rí mẹ́ta tó lágbára jù síbẹ̀, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú líǹkì tiẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó ń rí sí abuse (ìlòkulò) tàbí òfin, torí ẹni tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn lè jẹ́ ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n fún un. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó wà nídìí rẹ̀ bẹ́ ẹ ò bá ní ẹ̀rí.

Counter notice

Ohun ìjà yín gan-an nìyí. Òfin ní kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: ìbuwọ́lù yín, ohun tí wọ́n yọ àti ibi tó wà kí wọ́n tó yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ìbúra sọ pé ẹ gbà tọkàntọkàn pé àṣìṣe ló mú kí wọ́n yọ ọ́, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín, àti pé ẹ gbà kí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹ ó sì gba ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín. Ẹni tí kò sí ní Amẹ́ríkà á gbà pé kóòtù àgbègbè tí ilé-iṣẹ́ sáfà náà wà lè gbọ́ ọ.

Bí ilé-iṣẹ́ bá ti gbà á, á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹjọ́ sùn. Bí ẹni yẹn ò bá lọ kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ yín padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14. Ẹ má ka Sátidé àti Sunday mọ́ ọn, kẹ́ ẹ má baà fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yẹn. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín ló ń lọ sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀, tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé nípa ọ̀daràn, tàbí tẹ́ ẹ fi orúkọ bojú, ẹ má fi àdírẹ́sì ilé yín síbẹ̀ láé. Ẹ lo ti ọ́fíìsì, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ lórúkọ yín, kó sì lo àdírẹ́sì tirẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ torí pé kò rówó lọ́yà, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Mo gbà pé ó ṣe ohun tó yẹ.

Ní ti ìbẹ̀rù kóòtù Amẹ́ríkà, ẹni tó fi orúkọ èké fẹjọ́ sùn ò lè dé iwájú adájọ́ láìsọ ẹni tó jẹ́. Nínú gbogbo irú ẹjọ́ yìí tí mo bá wọn dá sí, kò sí ọ̀kan tó débẹ̀.

Lórí YouTube, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Content ID ni tàbí strike. Content ID ni ẹ̀rọ tó ń fi fídíò wé fídíò. Bẹ́ ẹ bá ta kò ó, ẹni tó ní òun ló ni ín ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Strike ni ẹ̀sùn òfin gan-an, mẹ́ta nínú ọjọ́ 90 sì lè gba gbogbo àkáǹtì yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan kọjá láìdáhùn.

Bí sáfà yín bá wà ní Nàìjíríà

Òfin kópíráìtì tuntun, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní March 2023, ló máa gbà á. Ó dára ju ti Amẹ́ríkà lọ níbì kan: ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún yín, ẹ sì ní ọjọ́ 10 láti sọ ìdí tí ohun náà fi yẹ kó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ lò ó.

Ṣé ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

Abala 512(f) sọ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú ẹ̀sùn máa san owó ohun tó bàjẹ́. Diebold, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, fẹ̀sùn kópíráìtì gbógun ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ímeèlì rẹ̀ síta, ó sì san $125,000 lẹ́yìn tí kóòtù dá a lẹ́bi lọ́dún 2004. Lọ́dún 2015, kóòtù ní kí ẹnìkan san owó tó lé díẹ̀ ní $25,000 fún ilé-iṣẹ́ tó ni WordPress.com àti akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn kan, torí ó fẹ̀sùn yọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé irọ́ ni, ìyẹn sì ṣòro. Ìyá kan fi fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 29 ọmọ rẹ̀ tó ń jó sórí YouTube lọ́dún 2007, Universal Music ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọdún 2015 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ fair use, ọdún 2018 ni ẹjọ́ náà tó parí. Ọdún mọ́kànlá fún fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi agbára yín sórí kí ìròyìn padà.

Ohun kan tó rọrùn tó sì lágbára ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí Lumen, ní lumendatabase.org. Ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí ti ń so ẹ̀sùn kan mọ́ ìkejì títí wọ́n á fi rí ọwọ́ kan náà nídìí gbogbo wọn. Kẹ́ ẹ tún wá orúkọ ẹni tó fẹjọ́ yín sùn níbẹ̀. Nígbà tá a wá ti àbúrò mi, a rí i pé ìkànnì mẹ́ta mìíì ti gba irú lẹ́tà náà lọ́wọ́ orúkọ kan náà.

Kó tó tún ṣẹlẹ̀

Ọjọ́ iṣẹ́ kejìlá ni ìròyìn ojú ọ̀nà náà padà. Ní báyìí, ibi tí àbúrò mi ti ra orúkọ ìkànnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tó gbé sáfà sí, kí ẹnìkan má baà lè ti gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gba ẹ̀dà gbogbo ìkànnì náà sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó tó sanwó fún sáfà tuntun, ó kọ̀wé bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń ṣe bí ẹ̀sùn DMCA bá dé, èsì wọn ló sì fi yan èyí tó lò. Ìròyìn yòówù tó bá gbé jáde, kò ní pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìtíì fi líǹkì rẹ̀ sí Wayback Machine, yóò sì kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ya fọ́tò.